Ṣé ẹ̀rọ awárin olówó kékeré tó ẹni tí ń fi ọwọ́-dilẹ̀ ṣe é lórí ilẹ̀ pupa Àkúrẹ́?

Ìbéèrè

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Olùkọ́ ni mí ní Àkúrẹ́, apá Ọ̀bà-Ilé ni mo sì ń gbé. Mo fẹ́ ra ẹ̀rọ awárin, ìyẹn ẹ̀rọ gbọọrọ tí ó ní abọ́ pẹlẹbẹ nídìí, tí ń dún bí a bá gbé e kọjá lórí irin tí ó wà nínú ilẹ̀. N kò fẹ́ fi ṣe òwò. Mo kàn fẹ́ràn owó àtijọ́, mo sì fẹ́ máa fi ọjọ́ Sátidé najú. Èyí tí agbára mi ká kò ju nǹkan bíi 200 dọ́là lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ohun ìṣeré ọmọdé ni irú rẹ̀, pé kí n tọ́jú owó mi títí n óò fi lè ra gidi. Ẹlòmíràn ní ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi èyí tí ó rà ní pọ́n-ùn méjì àbọ̀ rí ìṣúra wúrà. Ta ni kí n gbà gbọ́?

* * *

Ìdáhùn

Àbúrò, òtítọ́ ààbọ̀ ni àwọn méjèèjì sọ fún ọ. Ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Garrett ACE 250 ni mo ti ń lò láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Àlòkù ni mo rà á, ojú rẹ̀ ti ha, mo sì ti yá ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lò lẹ́ẹ̀mejì. Èrò mi ni pé ẹ̀rọ kékeré tó ẹni tí ń wá ohun tí ó mọ̀ pé ó sọnù síbì kan, tàbí irú ohun tí ó mọ̀ pé àwọn ènìyàn máa ń sọ nù níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá orí ire, kò sí ẹ̀rọ tí ó tó o.

Ìtàn ọkùnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn kì í ṣe irọ́. Terry Herbert ni orúkọ rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2009, lórí oko kan ní Staffordshire, ẹ̀rọ tí ó ti lo ọdún mẹ́rìnlá láyé ni ó fi rí wúrà àti fàdákà ayé àtijọ́ tí wọ́n díye lé ní 3,285,000 pọ́n-ùn. Àwọn tí ń pa ìtàn náà kì í rántí sọ pé oko tí wọ́n máa ń fi katakata tú ni, pé ìṣúra náà kò sì jìn sí òkè ilẹ̀. Bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ègé wúrà àti fàdákà bá wà níbi tí irin katakata ń kàn, ẹ̀rọ wo ni kò ní dún?

Ti Eric Lawes ni mo fẹ́ràn jù, ní abúlé Hoxne, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1992. Òòlù ni ó ń wá. Àgbẹ̀ kan tí í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó sọ òòlù nù sí oko tí ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá òun fi ẹ̀rọ wá a, ẹnu ìyẹn ni ó wà tí ó fi bá owó wúrà àti fàdákà ayé àwọn ará Róòmù pàdé. Wọ́n rí òòlù náà pẹ̀lú, ó sì ti di ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum báyìí, òun àti ìṣúra.

* * *

Mo tún padà wá nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀

Ibi tí mo ti yapa sí ọ̀pọ̀ ohun tí o máa kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìyí. Ìlú òyìnbó ni púpọ̀ nínú àwọn tí ń kọ ọ́ wà. Ilẹ̀ tiwa pupa, irin inú rẹ̀ tí ó ti dípẹtà ni ó sì sọ ọ́ di pupa.

Wáyà bàbà tí wọ́n wé ní òrùka méjì ni ó wà nínú abọ́ ìdí ẹ̀rọ náà. Òrùka kan ń rán agbára òòfà sínú ilẹ̀, ní ìgbà 6,500 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan lórí irú tèmi. Èkejì ń tẹ́tí sí ohun tí yóò padà wá. Bí owó bàbà bá wà nísàlẹ̀, yóò dáhùn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ pupa náà ń dáhùn, kò sì dákẹ́. Àwọn ẹ̀rọ kan ní bọ́tìnì tí a fi ń mú wọn bá ilẹ̀ mu, kí wọ́n lè máa gbójú fo ohùn ilẹ̀. Irú tèmi kò ní in. Iye kan ṣoṣo ni àwọn tí ó ṣe é ti fi sí i láti ọ̀hún wá, ìwọ kò sì lè yí i padà.

Mo dán an wò. Mo ri kọ́bọ̀ oníhò ti ọdún 1959 mọ́ ilẹ̀ pupa ẹ̀yìnkùlé mi. Ní sẹ̀ǹtímítà 10, ó dún gbọnrangandan bí agogo. Ní 15, bí ó bá dún lẹ́ẹ̀kan yóò dákẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ní 20, bí ẹni pé n kò ri nǹkan kan. Mo gbé kọ́bọ̀ kan náà lọ sí ilẹ̀ dúdú etí odò Àlà, ẹ̀rọ sì gbọ́ ọ ní 20 láìyọ mí lẹ́nu.

Ìmọ̀ràn tí ó gbajúmọ̀ jù ni pé kí o ṣí etí ẹ̀rọ sílẹ̀ pátápátá kí ó lè gbọ́ ohun tí ó jìn. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní Àkúrẹ́ yóò gbọ́ ariwo bí ẹni tí ó dúró sáàrin Ọjà Ọba. Dín in kù sí ìdajì, gbé abọ́ náà sókè díẹ̀ kúrò lára ilẹ̀, kí o sì máa jù ú jẹ́jẹ́ bí ẹni ń gbálẹ̀ yàrá tí ọmọ ń sùn sí. Ohun tí ó jìn yóò bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ bá sọ fún ọ yóò ṣeé gbà gbọ́.

* * *

Bàbá kan láti ìlú Oǹdó dá sí i

"Ọmọ mi, o ń dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Abọ́ tí ó bá ẹ̀rọ tìrẹ wá ni ìṣòro rẹ. Jẹ́ kí ó ra abọ́ tí wọ́n wé wáyà inú rẹ̀ bí lẹ́tà D méjì, tí wọ́n ń pè ní DD, kí ó yọ èyí tí ó bá a wá, yóò sì rí i pé ilẹ̀ pupa kò rí i gbé ṣe."

Ìdáhùn

Ẹ ṣeun, bàbá. Òótọ́ ni pé abọ́ DD máa ń fara da ilẹ̀ pupa ju èyí tí ó bá ẹ̀rọ mi wá lọ. Mo ti lò ó, mo sì gbà fún yín. Ohun tí mo ń bá yín jiyàn lé lórí ni owó. Ẹni tí ó fi 200 dọ́là ra ẹ̀rọ, tí ó tún lọ ra abọ́ mìíràn sí i, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ná iye tí yóò ra ẹ̀rọ tí ó ní bọ́tìnì ìbálẹ̀mu látilẹ̀. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Nokta Simplex+ ní in, ó ń gbọ̀n ní 12 kHz, ìyẹn ìgbà 12,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ṣeé tì bọ omi dé mítà mẹ́ta. Ẹ̀rọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣì ni wọ́n ń pe òun náà. Nítorí náà, àbúrò, bí o bá lè fi oṣù méjì sí i tọ́jú owó, bọ́tìnì yẹn ni kí o fi owó náà rà. Má ṣe náwó lé ojú tí ń tàn àti àwòrán àpótí ìṣúra tí wọ́n yà sára páálí.

* * *

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà lè ya irin tí a kò fẹ́ sọ́tọ̀, kí ó má dún fún ìṣó àti ìdérí ọtí. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn

Ti ìṣó, òótọ́ ni. Ti ìdérí ọtí, irọ́ gbáà ni. Ìdérí ìgò ọtí àti ti mínírà, irin pẹlẹbẹ róbótó ni, ó sì mọ bí a ti í dún bí owó. Bí o bá dé pápá tí wọ́n ti ṣe ìnáwó fún ogún ọdún, ìdérí ni ìwọ yóò máa wú títí di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀rá omi kò ní yọ ọ́ lẹ́nu, nítorí kò sí irin nínú rẹ̀. Ọ̀rá wàrà oníyẹ̀fun ni kí o bẹ̀rù. Tánńganran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀ ń dún, ó sì pọ̀ ju erùpẹ̀ lọ ní àwọn àdúgbò kan.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ní kí o pa gbogbo ìwọ̀n tí tánńganran wà rẹ́, kí ẹ̀rọ má baà dún fún un mọ́. Má ṣe é. Òrùka wúrà tín-ínrín àti ọ̀rá wàrà, ibì kan náà ni wọ́n bọ́ sí lójú ẹ̀rọ. Sísì àti ṣílè ọdún 1959, pẹ̀lú kọ́bọ̀ márùn-ún, mẹ́wàá àti mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ó jáde pẹ̀lú náírà ní ọdún 1973, bàbà tí wọ́n pò mọ́ níkẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ṣe wọ́n, àárín níbi tí ìdérí agolo wà ni wọ́n sì ń dún sí. Bí o bá ti ìlẹ̀kùn mọ́ ìdọ̀tí, o ti tì í mọ́ owó.

N óò sọ ọ̀kan tí ojú mi rí. Ìyá kan ládùúgbò wa fọ aṣọ lẹ́yìn ilé, ó da omi ọṣẹ nù sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí ó tó nu ọwọ́ rẹ̀, òrùka ìgbéyàwó kò sí níka mọ́. Ó ti fi ọwọ́ tú ẹrẹ̀ náà fún ọjọ́ méjì kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè mí. Àwọn tí ó kan páànù sí ilé náà ti fọ́n ìṣó sí gbogbo ìdí ògiri, nítorí náà mo ní kí ẹ̀rọ di etí sí irin dúdú nìkan, mo sì jẹ́ kí ó gbọ́ gbogbo ìyókù. Mo kọ́kọ́ wú ọ̀rá wàrà mẹ́rin. Mo wú ìdérí òróró ìpara. Mo wú síbí kan tí ìyá náà sọ pé òun ti fi lílé jẹ ọmọ ọ̀dọ̀ kan níyà nítorí rẹ̀, ó sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí ó rí i. Ní nǹkan bí wákàtí méjì, ohùn àárín kan dún, kò ga, kò sì yàtọ̀ sí ti ọ̀rá wàrà rárá. Ẹni tí ó ti rẹ̀ ì bá fò ó. Mo fi ọ̀bẹ kékeré gé ẹrẹ̀ náà bí ẹ̀bà, mo pín in sọ́tùn-ún sósì, mo fi ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjá níwájú abọ́. Èyí tí ó dún, mo fi ìka fọ́ ọ. Òrùka náà kò jìn ju gígùn ìka lọ, ọṣẹ ti gbẹ sí i lára.

Ẹ̀rọ kékeré ni ó ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹ̀rọ olówó ńlá kì bá tí ṣe é yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ìdọ̀tí ni ó jẹ́ kí ó pẹ́, kì í ṣe jíjìn.

* * *

Ẹnì kan béèrè ti wúrà

"Ṣé a lè gbé e lọ sí Ìtagunmọ́dì tàbí Ìgún, níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà lẹ́bàá Iléṣà? Láti Àkúrẹ́ kò jìnnà."

Ìdáhùn

Kò jìnnà, ṣùgbọ́n má lọ. Wúrà tí wọ́n ń rí níbẹ̀, púpọ̀ rẹ̀ jẹ́ yẹ̀fun àti hóró tíntìntín nínú yanrìn odò, àwọn tí ń wà á sì ń fi omi àti àwo ṣàn án ni. Ẹ̀rọ tí ń gbọ̀n ní 6.5 kHz kò rí hóró tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún hóró wúrà máa ń gbọ̀n ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. 45 kHz ni ti Minelab Gold Monster 1000. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òfin ohun àlùmọ́ọ́nì ti ọdún 2007 sọ pé ti ìjọba àpapọ̀ ni gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀, ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ wà á, ì báà jẹ́ fún eré.

Níwọ̀n bí a ti dárúkọ wúrà, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí. Wọn yóò fi ẹ̀rọ kan hàn ọ́ lórí fóònù, tí ó ní irin bí eriali méjì, wọn yóò ní ó ń tọ́ka sí wúrà láti ibi tí ó jìn tó kìlómítà. Kò sí ohun tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. James McCormick ta irú rẹ̀ tí wọ́n pè ní ADE 651 fún àwọn ọmọ ogun àti ọlọ́pàá ní Ìráàkì láti fi wá bọ́ǹbù. Wọ́n rí i pé orí ohun ìṣeré tí wọ́n ń tà fún wíwá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù ni wọ́n gbé e lé, kò sì lè mọ ohunkóhun. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ni ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù fi í sí ní ọdún 2013. Ẹ̀rọ kékeré tí a ń jiyàn lé lórí níhìn-ín ṣe tán láti gbọ́ owó ní ìwọ̀n ìbú ọwọ́ méjì. Èyí tí ó bá ṣèlérí kìlómítà, olè ni.

* * *

Padà sí owó àtijọ́, nítorí òun ni àbúrò mi béèrè

Ohun tí ó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu nìyí: owó tí àwọn bàbá ńlá wa ná jù lọ, ẹ̀rọ kò lè gbọ́ ọ. Owó ẹyọ, ìkarahun ni. O lè dúró sórí àpò owó ẹyọ kí ẹ̀rọ má sọ ohunkóhun. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ère amọ̀ tí Ekpo Eyo hú ní Igbó'Lájà ní Ọ̀wọ̀ láàárín ọdún 1969 sí 1971. Amọ̀ ni wọ́n, wọn kì í ṣe irin.

Ọ̀nínì, kọ́bọ̀ oníhò, tọ́rọ́, sísì àti ṣílè ni kí o máa retí, ìyẹn owó ayé òyìnbó tí a ṣì ń ná títí di ọdún 1973. Ibi tí wọ́n sì wà ni ibi tí ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, tí ń jókòó, tí ń ti àpò fa nǹkan yọ: abẹ́ igi níbi tí ọjà wà tẹ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà odò, pápá ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́. Lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbàlagbà ibi tí ọjà wà kí wọ́n tó gbé e kúrò. Ìbéèrè yẹn ti fún mi ní owó ju abọ́ èyíkéyìí lọ.

Má gbé e lọ sí Òkè Ìdànrè, má gbé e lọ sí Igbó'Lájà, má sì gbé e sún mọ́ ojúbọ tàbí ààfin. Láti ọdún 1979 ni òfin ti gbé ọ̀rọ̀ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé fún àjọ tí ń rí sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí, ẹni tí kò bá sì gba àṣẹ kò gbọdọ̀ gbẹ́lẹ̀ láti wá wọn. Bí o bá ṣèèṣì kan ohun tí ó jọ ti ìgbà láéláé, dáwọ́ dúró, kí o ké sí wọn.

Ti ilẹ̀ onílẹ̀ tún le ju ti òfin lọ. Ní abúlé kan lójú ọ̀nà Ìjù, mo ti gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni oko, mo rò pé ó tó. Mo ń gbẹ́ ihò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta yí mi ká. Wọn kò béèrè ohun tí mò ń wá. Ohun tí mò ń rì mọ́lẹ̀ ni wọ́n béèrè. Ẹ rò ó wò: àjèjì, ihò kékeré, ìkóríta. Ìdérí ọtí mọ́kànlá tí ó wà nínú àpò mi ni ó gbà mí sílẹ̀, nítorí nígbà tí mo dà wọ́n sílẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n bú sí. Láti ìgbà náà, ọ̀dọ̀ baálé ni mo máa ń kọ́kọ́ yà, ọ̀sán gangan ni mo máa ń lọ, mo ń mú ọmọ àdúgbò kan dání kí ó máa wò mí, mo sì ń dí gbogbo ihò kí n tó kúrò.

* * *

Ìbéèrè kúkúrú láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan ní Ìlàjẹ: "Etí òkun Ayétòrò ńkọ́?"

Lórí yanrìn gbígbẹ, ó dára, ó tilẹ̀ dùn ju Àkúrẹ́ lọ. Lórí yanrìn tí omi iyọ̀ ti rin, ẹ̀rọ kékeré tí ń gbọ̀n ní ìwọ̀n kan ṣoṣo yóò máa ké lásán, nítorí omi iyọ̀ ń gbé iná kọjá. Èyí tí ń gbọ̀n ní oríṣiríṣi ìwọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà ni ó lè fara dà á.

* * *

Olùbéèrè, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà

Ẹ̀gbọ́n, mo ti rà á, mo sì gbọ́ràn, èyí tí ó ní bọ́tìnì ìbálẹ̀mu ni. Ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé wọ́n rẹ́ mi jẹ. Láti àárọ̀ ni mo ti wà ní ẹ̀yìnkùlé mi, gbogbo ìgbà tí mo bá ju abọ́ náà bọ̀ sápá ọ̀tún ni ó ń dún. Mo ti dín etí rẹ̀ kù. Mo ti pààrọ̀ bátìrì. Mo ti gbẹ́ ihò méje, n kò rí ìṣó kan.

Ìdáhùn

Má tíì dá a padà. Ní ọdún 1881, nígbà tí wọ́n yìnbọn fún Garfield tí í ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà, Alexander Graham Bell gbé irú ẹ̀rọ yìí wá láti fi wá ọta tí ó wà nínú ara rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń dún níbi gbogbo. Wáyà inú ibùsùn tí wọ́n tẹ́ ààrẹ sí wà lára ohun tí ó da iṣẹ́ náà rú.

Bàtà wo ni o wọ̀?

Olùbéèrè

Bàtà iṣẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Èyí tí ó ní irin níwájú ìka.

Ìdáhùn

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni o sì ń gbé síwájú. Bọ́ ọ, wọ sálúbàtà, kí o fi fóònù sílé, kí o sì lọ dí ihò méjèèje.